Àyè Mẹ́fà Tó Ṣófo: Bí Ẹgbẹ́ Ìjàkadì Ilé-Ìwé Girama Kan Ṣe Padà Kún

Ilé-ìwé girama ìjọba ni, lẹ́yìn ìlú ńlá kan ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, àdúgbò tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kò ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí sáà ìjàkadì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ọmọ 19 ló wá. Kí oṣù kìíní tó parí, ó ti ku 11. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni wọ́n lọ pàdé ẹgbẹ́ ilé-ìwé mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n borí. Kóòṣì wọn ti ja ìjàkadì ní yunifásítì, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ sì nìyẹn. Ohun tó ń sọ fún ẹni tó bá bi í ni pé àwọn ọmọ náà kò tíì le. Olùkọ́ ìṣirò ni lójú ọ̀sán, àmọ́ ó pẹ́ kó tó jókòó ṣe ìṣirò ẹgbẹ́ tirẹ̀.

Ìṣirò náà nìyí. Ìwọ̀n 14 ni ìpínlẹ̀ wọn ń lò, pọ́ùn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì ni òpin tí ọmọ tó bá jà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá: 106, 113, 120, 126, 132, 138, 144, 150, 157, 165, 175, 190, 215 àti 285. Ọmọ kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbé jáde fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kan ẹ̀yìn ẹnì kejì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 2 gba àmì 6 fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi àmì 15 ṣáájú nínú ìjà rẹ̀, rẹfirí á dá eré dúró, ẹgbẹ́ rẹ̀ á gba 5. Ẹni tó bá fi 8 sí 14 borí, 4. Bí àlàfo náà kò bá tó 8, 3. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ kan kò bá ní ẹni tí yóò jáde, ọmọ ẹgbẹ́ kejì kàn máa rìn dé àárín máàtì ni, rẹfirí á gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, 6 ti wọlé láìlàágùn.

Àyè 8 ni ẹgbẹ́ yìí ń rí dí. Ìwọ̀n 106, 113, 120, 138, 157 àti 285 ṣófo. Bí alátakò bá ní èèyàn níbi gbogbo, 6 lọ́nà 6 jẹ́ 36 kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ká wá ní àwọn ọmọ 8 tó kù borí gbogbo ìjà wọn pẹ̀lú àmì díẹ̀: 8 lọ́nà 3, 24. Wọ́n jà á ní mẹ́jọ, wọ́n borí mẹ́jọ, ẹgbẹ́ wọn sì fìdí rẹmi. Bí gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá tiẹ̀ borí, tí mẹ́rin nínú wọn sì kan ẹ̀yìn ẹni mọ́lẹ̀, tí mẹ́rin yòókù fi àmì díẹ̀ borí, wọ́n kàn máa dọ́gba lásán ni. Kò sí ìgbaradì líle tó lè san gbèsè yẹn.

Bí àyè ṣe ṣófo kò nira láti tọpasẹ̀. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ni wọ́n fi pe àwọn ọmọ, ìwé tí wọ́n ya ọkùnrin oníṣan gìrìwò sí. Àwọn tó rí ara wọn nínú àwòrán náà ló wá, ìyẹn àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́yin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ìwọ̀n wọn jẹ́ 165 sí 215. Mẹ́rin nínú wọn wọ 175. Ọ̀kan ń jà, mẹ́ta ń jókòó wòran láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àwọn mẹ́ta yẹn ló kọ́kọ́ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, àwọn èèyàn sì ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Kí ni wọn ì bá dúró ṣe?

Ìgbaradì náà tún lé àwọn mìíràn lọ. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ lójúmọ́, gígun àtẹ̀gùn bí ẹni ń sá fún ogun, ìjà gidi láti ọjọ́ kẹta. Ọmọ tí kò tíì mọ bí a ṣe ń dúró ni wọ́n dojú kọ ọmọ tó ti lo ọdún mẹ́ta. Ohun kan ṣoṣo tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ni bí àjà yàrá ìgbaradì ṣe rí, torí ẹ̀yìn ló máa ń wà.

Lẹ́yìn náà ni làpálàpá dé. Ọmọ kan ní i lápá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, kò sọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti di ọmọ márùn-ún. Ọjọ́ Ẹtì nìkan ni wọ́n ń fọ máàtì, omi kan náà ni wọ́n sì ń fi fọ̀ ọ́ láti igun dé igun, tí wọ́n ń ti ìdọ̀tí igun kìíní dé igun kẹrin. Àwọn ọmọ ń wọ bàtà ìjàkadì lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n sì ń gbé e padà sórí máàtì. Làpálàpá ara gba oògùn fún wákàtí 72 ó kéré tán kí wọ́n tó gba ọmọ padà. Ti orí gba ọjọ́ 14. Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹgbẹ́ tí àyè rẹ̀ kò kún tẹ́lẹ̀ jáde pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà kì í ṣe làpálàpá, ìwọ̀n 138 ni. Kóòṣì ti sọ lójú gbogbo wọn pé, “138 ṣófo o, ta ló lè sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀?” Kò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹun. Àmọ́ ọmọ ọdún 15 kan, tó wọn 150, tó sì wà lẹ́yìn ọ̀gá ẹgbẹ́ (akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀) ní àyè 150 kan náà, gbọ́ ọ bí àṣẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń tu itọ́ sínú ìgò, tó ń wọ ọ̀rá náílọ̀n sábẹ́ súwẹ́tà, tó ń fi oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ fún ọ̀rẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ máàtì láàárín ìgbaradì, ètè rẹ̀ ti bó, ó ní ilẹ̀ ń yí òun. Obìnrin tó ń tọ́jú àwọn eléré ilé-ìwé náà fún un lómi, ó pe ilé rẹ̀, lẹ́yìn náà ló mú kóòṣì lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ó sì ṣí ìwé àyẹ̀wò ọmọ náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ìwé yẹn ti wà nínú dúrọ́ọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ yẹ ìtọ̀ ọmọ wò: bí omi ara rẹ̀ kò bá tó, tí òṣùwọ̀n bí ìtọ̀ náà ṣe ki tó (omi lásán jẹ́ 1) ju 1.025 lọ, wọn kò ní wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n á wá wọn ọ̀rá ara rẹ̀. Ọmọkùnrin kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 7 nínú 100, ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ dín sí 12. Ọmọ yìí ní ìdá 12. Pọ́ùn 18 nínú 150 rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, 132 tó kù jẹ́ ẹran, egungun àti omi. Pín 132 sí 0.93, o rí 141.9. Ibẹ̀ ni òpin ibi tó lè sọ̀ kalẹ̀ dé, òfin kò sì gbà á láàyè ní 138 ní gbogbo sáà yẹn, ì báà gbààwẹ̀ títí di ọdún Àjíǹde. Kódà bó bá fẹ́ lọ sí 144, kò gbọdọ̀ dín ju ìdá 1.5 nínú 100 lọ lọ́sẹ̀ kan, ìyẹn pọ́ùn méjì àti díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹni tó bá rò pé òfin yìí le jù kó rántí ọdún 1997, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́ta kú láàárín oṣù kan ó lé díẹ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi ooru àti òùngbẹ dín ìwọ̀n kù fún ìjàkadì.

Ojú ti kóòṣì, ìtìjú náà sì wúlò. Ó gbé bébà ńlá kan, ó kọ ìwọ̀n 14 náà sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó kọ orúkọ síwájú wọn, ó sì rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé òkè lòun lè gbé èèyàn lọ, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Òfin gbà kí ọmọ fi ìwọ̀n kan ju tirẹ̀ jà. Ọ̀gá ẹgbẹ́, tó wọn 149, ni ẹni tó mọ̀ ọ́n jà jù. Wọ́n gbé e sí 157. Àyè 150 ṣí sílẹ̀ fún ọmọ tó ti ń febi pa ara rẹ̀. Àyè kan kún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàdánù gààrí ìdajì ife. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n borí ìdíje kan ṣoṣo tí wọ́n borí lọ́dún yẹn.

Bébà yẹn ni wọ́n fi wá èèyàn fún ọdún kejì. Wọ́n bọ́ àwòrán oníṣan kúrò lára ògiri. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó kù mú ọ̀rẹ́ méjì wá, kì í ṣe ọ̀rẹ́ èyíkéyìí: ẹni tó kéré tó bí 106 sí 120, tàbí ẹni tó ju 230 lọ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, eré tó sì nílò méjèèjì bí eré yìí kò pọ̀. Àwọn ọmọ kékeré wà nínú ẹgbẹ́ sáré-jìnnà, nínú ẹgbẹ́ akọrin, nínú kíláàsì àwọn ọmọ ọdún kìíní. Wọn kò wá tẹ́lẹ̀ torí pé kò sẹ́ni tó pè wọ́n lórúkọ. Ọmọ ńlá tí wọ́n rí fún 285 jẹ́ onífèrè ilé-ìwé, ó wọn nǹkan bí 240, kò ṣe eré ìdárayá kankan rí.

Ìwọ̀n 106 ló gba wàhálà jù. Ẹni tó yẹ fún un jẹ́ ọmọbìnrin Yorùbá kan tó wọn 103, ó lè jà ní 106 láàárín àwọn ọkùnrin nígbà ìdíje ẹgbẹ́, kó sì jà ní 105 níbi ìdíje àwọn obìnrin. Òun fẹ́, ìyá rẹ̀ ò fẹ́. Wọ́n ti sọ fún ìyá náà pé síńgílẹ́ẹ̀tì ni aṣọ eré náà, ó sì rò pé síńgílẹ́ẹ̀tì tí bàbá ń wọ̀ sábẹ́ bùbá ni. Nígbà tó wá rí àwòrán rẹ̀, aṣọ tó lẹ̀ mọ́ni lára láti èjìká dé itan, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀: “Ìwọ, ṣé pátá lo fẹ́ wọ̀ jáde níwájú ogunlọ́gọ̀ èèyàn?” Ó kọ̀ jálẹ̀.

Kóòṣì ò bá a jiyàn. Ó ní kí ó wá wo ìgbaradì ní ọjọ́ èyíkéyìí, láìsọ tẹ́lẹ̀. Màmá wá ní ọjọ́rú kan, ó jókòó sórí pákó ìsàlẹ̀ pátápátá, báàgì lórí ẹsẹ̀, kóòtù lọ́rùn. Ó rí i pé obìnrin kan wà lára àwọn tó ń kọ́ wọn, pé ọmọbìnrin méjì mìíràn wà níbẹ̀, pé ẹ̀wù alápá àti ṣòkòtò dé orúnkún ni wọ́n wọ̀. Láti bí ọdún 2017 ni òfin ti gba irú ẹ̀wù àti ṣòkòtò yìí fún ìdíje; kóòṣì tí kò bá sọ èyí fún òbí ní ọjọ́ kìíní ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé ọmọ lọ. Ọ̀rọ̀ irun náà dìde. Ọmọ náà di irun, ó sì fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ṣóńṣó irun náà. Láti ọdún 2021 ni wọ́n ti mú òfin gígùn irun kúrò, irun dídì kò ní wàhálà, ìlẹ̀kẹ̀ ni kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ torí ó le, ó lè ya ẹlòmíràn lójú. Màmá fúnra rẹ̀ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà nílé ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àmọ́ ìyá àgbà ló parí ọ̀rọ̀ gan-an. Wọ́n fi fóònù hàn án nílé, fídíò Odunayo Adekuoroye, ọmọ ìpínlẹ̀ Òǹdó tó gba góòlù ìjàkadì níbi ìdíje Commonwealth ní ọdún 2014, 2018 àti 2022. Ìyá àgbà wò ó títí, ó ní, “Gídígbò náà kọ́ nìyí? Kí ni ẹ̀ ń pè ní nǹkan òyìnbó? Ẹ jẹ́ kó lọ, kó ṣáà má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀.” Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, láìmọ̀, ni ohun tí kóòṣì máa lo gbogbo sáà láti kọ́ ọmọ náà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ọmọ 27 bẹ̀rẹ̀, ìgbaradì sì ti yí padà. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 40. Fún ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́, kò sí ọmọ tuntun kankan tó ja ìjà gidi lórí ìdúró. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń dúró, bí a ṣe ń ṣubú láìfi ọwọ́ gún ilẹ̀ (ibẹ̀ ni ìgbọ̀nwọ́ ti máa ń yẹ̀), àti bí a ṣe ń na ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí ìbàdí lè tẹ ẹni tó ń bọ̀ wá múni lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n pín wọn ní méjì-méjì, ìwọ̀n tí kò fi ju pọ́ùn 5 síra wọn, ẹni tuntun pẹ̀lú ẹni tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjà kéékèèké: ìṣẹ́jú-àáyá 20, ọ̀kan ti di ẹsẹ̀ kan mú tẹ́lẹ̀, kí ó parí rẹ̀ tàbí kí ẹnì kejì bọ́.

Ohun mẹ́rin péré ni wọ́n kọ́ títí di Kérésìmesì: ọ̀nà kan láti gbéni ṣubú, ọ̀nà kan láti dènà rẹ̀, ọ̀nà kan láti dìde bí èèyàn bá wà nísàlẹ̀, ọ̀nà kan láti yí ẹni tó wà nísàlẹ̀ délẹ̀. Èyí tí wọ́n yàn fún gbígbé ṣubú ni mímú ẹsẹ̀ méjèèjì. Orúnkún ni a fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú á wọ àárín ẹsẹ̀ alátakò, orúnkún á kan máàtì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á sì gba iwájú lọ lójú ẹsẹ̀ kó gbé ara dìde. Orí wà lókè, etí lẹ̀ mọ́ egungun ìhà rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn orúnkún rẹ̀, a ó wá tì í lọ sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí kò ní ẹsẹ̀ tó lè fi gún ilẹ̀. Ibi tí ọmọ tuntun ti ń bà á jẹ́ kì í yí padà: ìbàdí ló ń tẹ̀ dípò orúnkún, ojú á wá wo ilẹ̀, alátakò á gbé àyà lé e lọ́rùn, ó tán. Ìdí rẹ̀ ni pé láti ọ̀nà jíjìn ló ti nawọ́. Kóòṣì fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ àlẹ̀mọ́ sàmì sí máàtì ní gígùn apá kan síwájú alátakò. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tíì dé àmì kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ogójì ìgbésẹ̀ lójúmọ́, láìsí ẹnì kejì, kí ìgbaradì tó bẹ̀rẹ̀.

Òfin pàápàá yí padà lọ́dún yẹn. Títí di 2023-24, àmì 2 ni gbígbé ṣubú. Láti 2024-25 ó di 3, bíbọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni ṣì jẹ́ 1. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jà lè gbé ọmọ tuntun ṣubú, kó fi í sílẹ̀ kó dìde, kó tún gbé e ṣubú. Tẹ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 14 kó tó fi 15 ṣáájú. Nísinsin yìí, ìgbà 7 ti tó. Ìdí nìyí tí dídènà, nína ẹsẹ̀ sẹ́yìn, fi gba ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìgbaradì wọn. Àwọn kóòṣì tó ṣì ń kọ́ ọmọ bí ẹni pé 2 ni, àwọn ọmọ wọn ló ń san án.

Máàtì ńkọ́? Wọ́n ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ kí ìgbaradì tó bẹ̀rẹ̀, bókẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan fún oògùn, ọ̀kan fún fífún ìnulẹ̀. Ọ̀nà kan ni wọ́n ń fà á lọ, wọn kì í fà á padà. Wọ́n á jẹ́ kó tutù fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ike oògùn kó tó gbẹ. Bàtà ìjàkadì kì í kúrò lórí máàtì. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń na apá àti ọrùn sábẹ́ iná kó tó wọlé. Làpálàpá kan péré ni wọ́n rí ní gbogbo sáà, ọjọ́ kìíní ni wọ́n sì mú un.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, gbogbo ọmọ tuntun ti ja ìdíje kan pẹ̀lú ọmọ tuntun bíi tirẹ̀. Iṣẹ́ fóònù ni èyí: kóòṣì máa ń pe kóòṣì ẹgbẹ́ kejì ní ọjọ́ méjì ṣáájú, wọ́n á ka ìwọ̀n àti ọdún ìrírí fún ara wọn, wọ́n á so àwọn tó bára mu pọ̀ lẹ́yìn ìdíje gidi. Ọmọ tó ti borí ẹ̀ẹ̀kan kì í tètè lọ. 22 nínú 27 ló parí sáà náà.

Ìdíje tó fi hàn jù pé ìṣirò náà ti wọlé wáyé ní oṣù kìíní. Àyè 13 ti kún. Wọ́n fi 36 sí 34 borí, ìjà 7 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin 106 pàdánù, 9 sí 3. Ní ìṣẹ́jú-àáyá 40 tó kẹ́yìn, ọmọkùnrin tó ń bá a jà ti fi apá kan gba abẹ́ apá rẹ̀ dé ọrùn, ó ń yí i bọ̀. Èjìká òsì ti kan máàtì. Ó fi orí gún ilẹ̀, ó gbé ìbàdí sókè bí afárá, ó yí ojú kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tì í, ó fa ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó padà dé ikùn. Pípàdánù bẹ́ẹ̀ fún alátakò ní 3. Ká ní ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀, 6 ni, èsì á sì di 37 sí 36 fún ẹgbẹ́ kejì. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà lórí ìjókòó kò mọ̀ pé ẹni tó pàdánù ló gba ìdíje náà là. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀. Kóòṣì tó bá ń yìn kìkì àwọn tó borí kò ní rí ẹni tí yóò bá a jà irú ìṣẹ́jú-àáyá 40 bẹ́ẹ̀.

Ìdíje 7 nínú 13 ni wọ́n borí lọ́dún yẹn. Kì í ṣe pé ohun gbogbo dán. Onífèrè 285 kò ní ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀ láti bá gbaradì. Ọmọ 190 ni wọ́n ń fi sí i, ó sì kọ́ láti máa fi ara tẹ èèyàn nìkan, ìwà tó wó lulẹ̀ nígbà tó pàdé ẹni 270. Wọ́n bá ilé-ìwé àdúgbò kan ṣe é kí ó máa lọ gbaradì lọ́dọ̀ wọn ní Ọjọ́rú, àmọ́ sáà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọmọ méjì pàdánù àyè wọn ní oṣù kìíní nítorí máàkì, ohun tí ìṣẹ́jú 35 iṣẹ́ ilé ṣáájú ìgbaradì ì bá ti dènà. Láti oṣù kejì ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àyè kan ṣoṣo tó ṣófo títí sáà fi parí ni 113. Nígbà ooru, ọmọbìnrin náà ga, ó sì sanra dé 111, láìsí ẹni tó ní kó dín kù. Orúkọ rẹ̀ ti wà níwájú 113 lórí bébà tuntun. Kò tíì sí orúkọ níwájú 106, kóòṣì sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé-ìwé àwọn ọmọ ọdún 13 tó wà lójú pópó kejì, ní ọjọ́ Ẹtì, láti wo àwọn tó ń sá eré níta.